Ọmọ Ọwọ́ Ìjọba, Àpò Aládàáni: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Nebraska

Bí adájọ́ kan ní Omaha, ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, bá pàṣẹ lónìí pé kí wọ́n mú ọmọ kúrò nílé òbí rẹ̀, ẹnì kan ló máa kan ilẹ̀kùn. Ẹni yẹn ló máa bá ọmọ náà kó aṣọ. Bí kò bá sí báàgì nílé, inú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí ni aṣọ náà máa wọ̀. Òun ló máa de ìjókòó ọmọdé mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tó máa gbé ọmọ lọ bá ìyá alágbàtọ́ tí ọmọ ò rí rí, tó máa sọ fún ìyá náà pé ọmọ yìí kì í sùn tí wọ́n bá pa iná, pé ara rẹ̀ máa ń sú tó bá jẹ ẹyin. Òun náà ló máa ń mú un lọ rí ìyá tó bí i, tó máa ń jókòó ní kóòtù nígbà tí wọ́n bá pe ẹjọ́, tí adájọ́ sì máa bi léèrè bóyá ilé ti gún tó kí ọmọ padà síbẹ̀. Nínú iṣẹ́ wa, òun là ń pè ní òṣìṣẹ́ tó di fáìlì ọmọ mú.

Láàárín 2009 sí 2022, ẹni tó ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ yìí ní Omaha yí padà tó ìgbà mẹ́rin. Ìjọba ló ń san án tẹ́lẹ̀, ó di aládàáni, ó di aládàáni mìíràn, ó tún di òmíràn, kó tó padà sọ́wọ́ ìjọba. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá ti yí, àwọn kan á kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ á sì tún jókòó síwájú àlejò, á máa ro ẹjọ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti kà á bọ̀, torí àwa tó ń ṣiṣẹ́ ọmọ, yálà Ìbàdàn la wà tàbí Houston, ìpinnu irú èyí kì í jìnnà sí wa. N ò ní dárúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà. Orúkọ wọn ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Bí owó ṣe rìn ni mo fẹ́ ká tẹ̀ lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Nebraska kì í ṣe ìpínlẹ̀ tó lérò púpọ̀. Èèyàn ibẹ̀ kò ju bíi mílíọ̀nù méjì lọ. Lincoln ni olú-ìlú, Omaha ló tóbi jù, ìyókù jẹ́ oko àgbàdo àti ilẹ̀ ìdaran tó tẹ́ lọ salalu. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn kò pín sí méjì bíi ti àwọn ìpínlẹ̀ tó kù. Aṣòfin 49 ló ń jókòó nínú ilé kan ṣoṣo. Síbẹ̀, nígbà yẹn, tí a bá fi iye ọmọ tí wọ́n mú kúrò nílé òbí wé iye ọmọ tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, Nebraska wà lára àwọn tó ga jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìjọba àpapọ̀ yẹ iṣẹ́ wọn wò ní 2002, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò ní 2008. Wọn ò yege. Ká sọ tòótọ́, kò sí ìpínlẹ̀ kankan tó yege délẹ̀ nínú ìyẹ̀wò méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dín ìtìjú kù ní Lincoln.

Ọdún 2008 kan náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó tú àṣírí ilé síta. Ní oṣù keje ọdún náà, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ní kí òbí tí apá rẹ̀ ò ká ọmọ gbé e sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọn ò sì ní fi ẹ̀sùn ìkọ̀sílẹ̀ kàn án. Ọmọ jòjòló làwọn ìpínlẹ̀ yòókù ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún. Ní Nebraska, "ọmọ" ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò sọ ọjọ́ orí. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ọmọ 36 ni wọ́n ti gbé sílẹ̀. Kò sí jòjòló kankan nínú wọn, àwọn tó ti bàlágà ló pọ̀ jù. Bàbá kan kó ọmọ mẹ́sàn-án lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn kan wakọ̀ wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìgbìmọ̀ aṣòfin sáré pé jọ ní oṣù kọkànlá, wọ́n fi gbèdéke ọgbọ̀n ọjọ́ sí i.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí i pé kì í ṣe gbogbo òbí wọ̀nyẹn ló fẹ́ kọ ọmọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń wá dókítà ọpọlọ fún ọmọ tó ń ṣe bí ẹni tí nǹkan ń dààmú, wọn ò rí. Wọ́n ń wá ẹni tó máa gbà wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré kí wọ́n lè sùn, wọn ò rí. Ìrànlọ́wọ́ tó yẹ kó bá ìdílé nínú ilé kò sí. Àfìgbà tí ọmọ bá ti kúrò nílé ni ìjọba tó mọ̀ ọ́n.

Owó ló sì fà á. Láti 1980 ni abala òfin kan tí wọ́n ń pè ní Title IV-E ti wà, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ń bá ìpínlẹ̀ gbọ́ bùkátà ọmọ àgbàtọ́. Bí òfin náà ṣe wà nígbà yẹn, ọmọ ní láti kúrò nílé kí owó tó wọlé. Ìyá tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ kí wọ́n má baà gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ìṣirò náà, àfi lẹ́yìn tí òfin tuntun kan gbà á láyè ní 2018. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé ìjọba àpapọ̀ kì í san lórí gbogbo ọmọ. Ilé tí ọmọ ti wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé òtòṣì, òṣùwọ̀n òṣì tí wọ́n sì ń lò ni ti 1996. Wọn ò gbé e sókè láti ìgbà náà. Ọjà ń gbówó lórí, owó iṣẹ́ ń pọ̀ sí i lórí ìwé, ilé tó bá òṣùwọ̀n yẹn mu sì ń dín kù lọ́dọọdún. Ìpín ìjọba àpapọ̀ ń fà sẹ́yìn, ìpínlẹ̀ ló ń dí àlàfo náà.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn aláṣẹ Nebraska ní àwọn fẹ́ gbé iṣẹ́ fún aládàáni, èrò wọn kì í ṣe èrò ìkà. Wọ́n ní: ẹ jẹ́ ká gbé owó kan tí ò ní yí padà fún àwọn ẹgbẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ọmọ tipẹ́. Kí wọ́n ná an bó ṣe tọ́ lójú wọn. Bí wọ́n bá tètè dá ọmọ padà sílé, bí wọ́n bá ran ìyá lọ́wọ́ kó tó di pé wọ́n mú ọmọ, owó tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n fi kún iṣẹ́ náà. Lórí ìwé, ó dùn ún gbọ́.

Àsè tí wọ́n ṣí géètì rẹ̀ sílẹ̀

Kansas bá Nebraska pààlà ní gúúsù. Ọdún 1996 sí 1997 ni Kansas ti dán irú nǹkan yìí wò, tó san iye kan ṣoṣo tí ò ní yí padà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn ẹgbẹ́ aládàáni. Gbèsè wọ àwọn ẹgbẹ́ náà lọ́rùn, nígbà tó sì fi máa di 2000, Kansas ti yí ọ̀nà ìsanwó padà sí oṣooṣù lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ náà wà lẹ́nu ibodè. Nebraska ò yà á lò.

Ní 2009, wọ́n yan ẹgbẹ́ mẹ́fà. Ọ̀kan wo ìwé àdéhùn náà tán, ó ní òun ò ṣe mọ́. Márùn-ún tọwọ́ bọ̀wé ní oṣù kọkànlá. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé iye kan pàtó lẹ máa gbà. Ọmọ tí kóòtù bá gbé wá, ẹ ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Èyí tó bá le lọ́wọ́, ẹ ò gbọdọ̀ dá a padà. Bí owó ò bá tó, àpò yín ló máa dí i.

Ta ló wá ń pinnu iye ọmọ tó máa wọlé? Aládùúgbò tó pe nọ́ńbà ìjọba pé òun gbọ́ igbe ọmọ ni. Ọlọ́pàá tó wọ ilé láàárín òru ni. Agbẹjọ́rò ìjọba ìbílẹ̀ tó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ni, àti adájọ́ tó pàṣẹ. Agbaṣẹ́ṣe ò sí láàárín wọn. Ó dà bí alásè tó gbowó oúnjẹ igba èèyàn, tí olóde wá ṣí géètì sílẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, tó sì ní kí alásè má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà lébi. Alásè yẹn lè jẹ́ olóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́, ìkòkò rẹ̀ ṣì máa gbẹ kó tó kan tábìlì ẹ̀yìn.

Wọ́n tún wá ṣe ohun kan tó mú un le sí i. Òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì di fáìlì mú, aládàáni sì fi òṣìṣẹ́ tirẹ̀ sí orí ọmọ kan náà láti máa ṣètò. Ọba kì í pé méjì láàfin. Ìyá alágbàtọ́ tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ tọ́jú eyín kò mọ ta ló máa bi. Èyí á ní kó bi tọ̀hún, tọ̀hún á ní kó dúró ná.

Oṣù mẹ́fà péré ni. Ní oṣù kẹrin 2010, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún wọko gbèsè, ó kógbá sílé. Oṣù kan náà ni èkejì kéde pé òun ń lọ. Ní oṣù kẹwàá, ẹ̀kẹta tó ń bójú tó ìwọ̀-oòrùn, àárín àti àríwá ìpínlẹ̀ náà gbéra.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi ẹni tí ìkógbá yìí kọ́kọ́ bà. Owó ìyá alágbàtọ́ ń ti Lincoln lọ sọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe ńlá, ó ń ti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kékeré tó kọ́ ìyá náà níṣẹ́ tó sì ń ṣàbẹ̀wò sí i, kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá já láàárín, ọmọ ṣì wà nínú ilé. Ó ṣì ń jẹun láàárọ̀. Pámpà ṣì ń tán. Ìyá náà ń fi owó ara rẹ̀ ra wàrà, ó ń pe fóònù tí ẹnikẹ́ni ò gbé. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ti ṣiṣẹ́ fún àwọn tó kógbá sílé wá ń lé gbèsè kiri. Nínú iṣẹ́ wa, ìyá alágbàtọ́ ló ṣòroó rí jù. Ẹni tí ẹ bá já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó máa sọ fún aládùúgbò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò sì ní rí àwọn méjèèjì mọ́.

Ibi tí wọ́n ti ṣìnà jù

Ní ìparí 2010, ẹgbẹ́ méjì ló kù nínú márùn-ún. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nípò àṣẹ lè dúró níbẹ̀ kó bi ara rẹ̀ pé kí ló pa mẹ́ta tó lọ. Ìdáhùn rẹ̀ wà lórí tábìlì: iye owó náà kò bá iye ọmọ mu, ẹni tó sì ń ru ewu náà kọ́ ló di ìlẹ̀kùn mú.

Ohun tí ìjọba ṣe ni pé ó fi mílíọ̀nù kún owó àwọn méjì tó kù, nígbà tó sì di oṣù kìíní 2011, ó gbé fáìlì ọmọ gan-an lé wọn lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti mọ ọmọ fún ọdún méjì yọ ọwọ́ ní Omaha, ní Lincoln àti àyíká wọn. Ẹni tuntun tí ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ló wá di fáìlì mú. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti yí. Àìsàn owó ló ń ṣe ètò náà, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un, ara ọmọ sì ni ọ̀bẹ náà wọ̀.

Kí ló dé tí mo fi le mọ́ ọ̀rọ̀ fáìlì báyìí? Ní Milwaukee, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, níbi tí aládàáni ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, ìwádìí kan jáde ní 2005. Wọ́n tọpa àwọn ọmọ tó wọ àbójútó láàárín 2003 sí oṣù kẹsàn-án 2004. Nínú àwọn tí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo di fáìlì wọn mú, 74.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló dé ilé tó máa jẹ́ tiwọn láàárín àsìkò náà, yálà ilé òbí wọn tàbí ilé ìsọdọmọ. Àwọn tó ní òṣìṣẹ́ méjì, 17.5 ni. Mo mọ̀ pé ọmọ tó pẹ́ lábẹ́ àbójútó ló ní àyè láti pàdé òṣìṣẹ́ púpọ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tó fẹ àlàfo náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi adájọ́ ọmọdé èyíkéyìí. Òṣìṣẹ́ tuntun máa ń tọrọ ọjọ́ sí i torí kò tíì ka fáìlì tán. Adájọ́ á sún ẹjọ́ síwájú. Oṣù mẹ́ta á lọ. Fún ọmọ ọdún méjì, oṣù mẹ́ta jẹ́ ìdá mẹ́jọ ayé rẹ̀.

Olùṣàyẹ̀wò ìwé owó ìpínlẹ̀, Mike Foley, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án 2011. Iye tí iṣẹ́ ọmọ ń ná ìpínlẹ̀ ti fi nǹkan bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e fún aládàáni. Ètò tí wọ́n ní yóò dín owó kù! Ìgbìmọ̀ aṣòfin ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tiwọn lọ́dún kan náà, lábẹ́ aṣòfin Kathy Campbell tó ń darí ìgbìmọ̀ ìlera. Wọ́n pe àwọn ìyá alágbàtọ́, adájọ́, òṣìṣẹ́ àti àwọn tí gbèsè bá, wọ́n gbọ́ ẹnu wọn. Oṣù kejìlá 2011 ni ìròyìn náà jáde. Ní 2012, wọ́n sọ ọ́ di òfin márùn-ún. Ọ̀kan gba fáìlì padà sọ́wọ́ ìjọba, àfi ní Omaha àti àyíká rẹ̀, níbi tí wọ́n fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdánwò. Òmíràn dá ọ́fíìsì olùbẹ̀wò àgbà fún ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀, ẹni tó máa ń wádìí ikú àti ìpalára ọmọ tó wà lábẹ́ àbójútó. Kí òfin wọ̀nyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ̀kẹrin nínú ẹgbẹ́ márùn-ún ti fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ẹyọ kan ló kù.

Ẹyọ kan yẹn ṣiṣẹ́ ní Omaha láti 2012 títí di ìparí 2019. Ìwọ̀nba ni n ó sọ nípa àsìkò yìí, torí nǹkan ńlá kankan kò wó. Ìyẹ̀wò kan tó jáde ní ìparí 2014 sọ pé àwọn ò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín ohun tí aládàáni ń ṣe ní Omaha àti ohun tí ìjọba ń ṣe ní ìyókù ìpínlẹ̀ náà. Mo rò pé ó yẹ kí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí fi ojú sí i. Àwọn tó gbà gbọ́ pé aládàáni á ṣe é dáadáa ju ìjọba lọ kò rí ẹ̀rí wọn. Àwọn tó sọ pé aládàáni á ba ọmọ jẹ́ kò rí tiwọn náà. Nígbà tí owó bá tó, tí òṣìṣẹ́ sì dúró, ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé owó oṣù kò ṣe pàtàkì tó bí a ṣe rò.

Ọbẹ̀ tó dùn

Ní 2019, ìpínlẹ̀ náà tún pe àwọn èèyàn wá díje fún iṣẹ́ Omaha, ọdún márùn-ún. Ẹgbẹ́ tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà kọ dọ́là mílíọ̀nù 341. Ẹgbẹ́ mìíràn láti Kansas kọ mílíọ̀nù 197. Ìyàtọ̀ tó tó mílíọ̀nù 144 kì í ṣe nǹkan kékeré lójú gómìnà kankan. Wọ́n gbé e fún ará Kansas. Ẹgbẹ́ tó pàdánù fárí gá, ó lọ sí kóòtù, ìjọba ò yí ọwọ́ padà.

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti rí ìdíje kan tó fi ìdá méjì nínú márùn-ún dín sí èkejì, kó má yọ̀, kó tú u wò. Nínú iṣẹ́ ọmọ, owó oṣù òṣìṣẹ́ ló ń jẹ apá tó pọ̀, owó oṣù sì ṣeé ṣírò lórí ìwé pélébé. Òfin Nebraska sọ pé fáìlì 12 sí 17 ni òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fáìlì bá jẹ́ 1,700, ẹ pín in sí 17: òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún, kí a tó ka ọ̀gá wọn, ọkọ̀, epo, àti ẹni tó máa dúró fún obìnrin tó lọ bímọ. Ẹ fi owó oṣù ọdún kan sọ ọ́ di púpọ̀. Bí iye tí ẹnì kan kọ bá kéré sí èyí tẹ ẹ rí, ó ní ohun kan tí kò ní ṣe. Ẹgbẹ́ tó borí náà ti gbé ìṣirò rẹ̀ lé iṣẹ́ tó ju èyí tí òfin gbà lọ lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó wà nínú ìwé tó fi díje. Ìjọba kà á.

Ìgbà kan tún dé tí fáìlì ń yí ọwọ́, láti oṣù kẹwàá 2019 títí di oṣù kìíní 2020. Àwọn òṣìṣẹ́ kan tẹ̀ lé fáìlì lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tuntun, àwọn kan wá iṣẹ́ síbòmíràn. Oṣù kẹta ni kòrónà dé. Àrùn náà ṣe é le, ṣùgbọ́n ìṣirò ti dà rú kí ó tó dé. Nígbà tó fi máa di ìparí 2020, ẹ̀sùn ìnákúnàá ti jáde láti inú ẹgbẹ́ náà, ọ̀gá àgbà rẹ̀ ti kúrò nípò, àwọn tó gba ipò sì sọ fún ìjọba gbangba pé owó yìí ò lè gbé iṣẹ́ náà dé ibi kankan.

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ìjọba ti tú òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ká ní Omaha tipẹ́. Ẹgbẹ́ àtijọ́ ti kógbá sílé. Ta ló fẹ́ gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lé lọ́wọ́ lọ́la? Ní oṣù kìíní 2021, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pàjáwìrì: dọ́là mílíọ̀nù 147 fún oṣù 25.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò papọ̀. Mílíọ̀nù 197 fún oṣù 60, ó ń lọ sí bíi mílíọ̀nù 3.3 lóṣù. Mílíọ̀nù 147 fún oṣù 25, ó jẹ́ bíi 5.9 lóṣù. Mílíọ̀nù 341 tí wọ́n kọ̀ nítorí ó pọ̀ jù ńkọ́? Tí a bá pín in sí oṣù 60, bíi 5.7 ni. Wọ́n sá fún iye kan, wọ́n rìn yíká, wọ́n sì san jù ú lọ, lẹ́yìn tí ọmọ ti pàdánù ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Pẹ̀lú owó tuntun náà, iye fáìlì tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kò bá òfin mu. Olùbẹ̀wò àgbà kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ ní 2021; ìgbìmọ̀ aṣòfin tún gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí mìíràn dìde. Ní oṣù kejìlá 2021, ìjọba àti ẹgbẹ́ náà kéde pé àwọn ń tú àdéhùn ká. Ní 2022, fáìlì padà sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn aṣòfin sì fi òfin LB 1173 gba àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ ìjọba fi lè tún gbé fáìlì ọmọ jáde fún aládàáni.

Ohun tí mo mú lọ sídìí iṣẹ́

Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì láti kọ irú àdéhùn yìí, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi í ni ẹni tó di géètì mú. Bí kóòtù àti ọlọ́pàá bá ń pinnu iye ọmọ, ìjọba ló gbọ́dọ̀ ru ewu iye ọmọ. Agbaṣẹ́ṣe lè ru ewu bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́: bóyá òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣàbẹ̀wò lásìkò, bóyá ó ń pẹ́ kó tó rí ìyá alágbàtọ́ fún ọmọ. Ẹ má fi ewu òjò di ẹrù ẹni tó ń ta agboòrùn.

Owó ìyá alágbàtọ́, tèmi ni pé kó máa ti àpò ìjọba bọ́ sínú àpò rẹ̀ tààrà, kí agbaṣẹ́ṣe má wà láàárín. Bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, kí wàrà wà ní tábìlì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba lójoojúmọ́, torí Title IV-E kì í san lórí ohun tí wọn ò lè fi ìwé ẹ̀rí hàn fún ọmọ kan pàtó. Ẹni tó bá kó owó gbogbo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan fún agbaṣẹ́ṣe, tí kò tọpa ohun tí wọ́n ná lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó máa ṣòro fún un láti gba ìpín tirẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Kí ìjọba má sì tú gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ká. Ohun tó dè wọ́n lọ́wọ́ ní 2021 ni pé kò sí ẹnì kan nílé tó lè gba fáìlì.

Ọ́fíìsì olùbẹ̀wò àgbà náà ò rọrùn láti mú dúró. Ní oṣù kẹjọ 2023, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ kọ̀wé pé òfin tó dá a sílẹ̀ tako ìwé òfin Nebraska, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn àkọsílẹ̀ ọmọ mọ́ ọ fún oṣù mélòó kan. Ohun tí a mọ̀ nípa ẹjọ́ yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló gba ojú ọ́fíìsì yẹn kọjá. Ẹni tó ń ṣètò ojú tó máa wo agbaṣẹ́ṣe, kó rí i pé òfin rẹ̀ le débi tí apá ò ní ká a.

Fún àwa tó wà nílé, ọ̀rọ̀ náà kàn wá láti apá kejì. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà ti 2003 ní apá kan tó dá lórí àgbàtọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé ọmọ aláìníyàá tí a mọ̀ káàkiri, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti ẹni kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn ró. Àwa ò gbé iṣẹ́ náà jáde rí. Ìta ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún wọn lọ́la máa kọ àdéhùn àkọ́kọ́ rẹ̀. Kí wọ́n ṣe ìṣirò òṣìṣẹ́ yẹn kí wọ́n tó kọ ọ́.

Tí mo bá sì dé ọ́fíìsì ọmọ èyíkéyìí báyìí, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, mo máa ń ní kí wọ́n fa fáìlì mẹ́wàá jáde láìṣà á. Mo ń wo ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí orúkọ òṣìṣẹ́ wà, mo sì ń ka iye orúkọ tí wọ́n ti fi gègé fà lé kí wọ́n tó dé orí èyí tó wà níbẹ̀ lónìí.